Ilé-Ìwé Ọmọ Tálákà Dà Nínú Fíìmù Wa?
Kò sí Wilmer Academy níbì kankan ní Èkó. Àwọn tó kọ Far From Home, tó jáde lórí Netflix lóṣù Kejìlá ọdún 2022, ló fi orí rò ó. Ibẹ̀ ni Ishaya Bello, ọmọ tálákà tó mọ àwòrán yà, ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, tó sì bọ́ sáàárín àwọn ọmọ olówó. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ ó ń dùn mí pé ilé-ìwé olówó ni kámẹ́rà sáábà ń wá lọ báyìí. Nígbà tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá gbé The Village Headmaster jáde lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1968, ọ̀gá ilé-ìwé abúlé ló fi ṣe òpómúléró eré náà. Kò sí abúlé tó pè ní Ọjà yẹn lórí máàpù, síbẹ̀ àwọn òǹwòran mọ Kábíyèsí ibẹ̀, wọ́n mọ Amebo olófòófó, bí ẹni mọ ará àdúgbò. Ọmọ tó ń kàwé lábẹ́ òrùlé tó ń jò náà ní ọ̀rẹ́, ó ní ìjà, ó ní àlá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé kámẹ́rà yín wọ ilé-ìwé ìjọba.