Ẹni tí Kò Ṣẹ̀ Kò Yẹ Kó Sanwó Ìtanràn

Bí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá já tíkẹ́ẹ̀tì lé awakọ̀ Ìwéré-Ilé kan lọ́wọ́ ní Ìṣẹ́yìn, ìṣirò ló kọ́kọ́ máa ń ṣe. Bẹ́líìtì tí kò dè, ₦2,000. Fóònù létí nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ₦4,000. Kò ní láísẹ́ǹsì, tàbí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù, ₦10,000. Yóò wá ro ti kóòtù: epo tí yóò fi ti Ìwéré-Ilé gba Ìgànná àti Òkèhò padà wá, iṣẹ́ òòjọ́ tí kò ní í ṣe, ẹ̀lùbọ́ àwọn oníbàárà tí ọkọ̀ mìíràn yóò gbé lọ. Bí adájọ́ bá wá sún ẹjọ́ síwájú ńkọ́? Kó tó ronú dé ibẹ̀ tán, ó ti gbà pé òun yóò sanwó. Bí kò bá sì fẹ́ san án sí báǹkì, yóò fa ẹ̀ṣọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ níbí."

Nínú gbogbo ìṣirò yìí, kò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun jẹ̀bi àbí òun kò jẹ̀bi. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ̀bi kò gùn. Kó san owó rẹ̀ sí báǹkì, kó gba rìsíìtì, kó má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lábẹ́ igi. Láti ìgbà tí ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65, ti dára ni eré àsápajúdé ti rọrùn fún àwọn awakọ̀ wa, a sì nílò ẹni tí yóò máa dá wọn dúró. Ìpínlẹ̀ wa gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ní 1977, nígbà tí Jẹ́mibéwọ̀n jẹ́ gómìnà, ni Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, àwọn tí aráàlú ń pè ní Májàmájà. Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ tó dá tirẹ̀ sílẹ̀, Ṣóyínká náà ni alága àkọ́kọ́. N kò bá wọn ṣọ̀tá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣẹ̀ ńkọ́? Ẹ gba ìwé tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ awakọ̀ kí ẹ wò ó. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta lẹ óò rí níbẹ̀: SUV ni ti bẹ́líìtì, DLV ni ti láísẹ́ǹsì, OVL ni ti ẹrù àpọ̀jù. Bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ láti kékeré, tí Yorùbá nìkan ló lè kà, bá gba ìwé yìí, ta ló ṣàlàyé fún un? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 36, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Ó ní kí wọ́n sọ ẹ̀sùn náà fún un kíákíá ní èdè tó gbọ́, ó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ wí tẹnu rẹ̀ láìgba lọ́yà. Bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní kóòtù, ọ̀fẹ́ ni wọn yóò pe ògbufọ̀ fún un. Àwa gan-an ni òfin yìí ń bá wí.

Ẹ̀tọ́ yìí sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá lò ó. Ní December 2023, àwọn VIO, ìyẹn àwọn ayẹ̀wò ọkọ̀ ìjọba, dá lọ́yà kan tó ń jẹ́ Abubakar Marshal dúró ní Jabi, l'Ábújá, wọ́n sì gba ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbé wọn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀. Ní October 2, 2024, Adájọ́ Evelyn Maha dájọ́ pé kò sí òfin tó fún wọn lágbára láti máa dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ lé e tàbí kí wọ́n máa bu owó ìtanràn léni lórí, ó sì ní kí wọ́n san ₦2.5 mílíọ̀nù fún un. Àwọn VIO Ábújá ni ìdájọ́ náà bá wí o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ fi ko ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lójú ní Ìṣẹ́yìn.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣẹjọ́ ní láti ti ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Kó fi fóònù ya àwòrán ohun tí wọ́n fi sùn ún, bíi táyà tí wọ́n ní ó ti jẹ, kó hàn kedere. Kó kọ aago, ibi tó dúró sí, àti orúkọ tó wà láyà aṣọ ẹ̀ṣọ́ náà. Kó gba nọ́ńbà fóònù èrò méjì tó wà nínú ọkọ̀. Kó má ṣépè, kó má di ẹnikẹ́ni láṣọ mú, torí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn máa dà. Bí kò bá ní ẹ̀rí kankan, tó jẹ́ pé ìbínú nìkan ló ń gbé e lọ, kó jókòó.

Kí aláìṣẹ̀ tó bá fẹ́ sanwó sì mọ̀ pé kì í ṣe ₦2,000 nìkan ló ń san. Máàkì wà lórí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá pé 10, ìkìlọ̀ ni. Bó bá dé 15, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun, tó ń sanwó ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá torí kó lè tètè délé, ń fọwọ́ ara rẹ̀ kó máàkì jọ.

Bí káńsù bá lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọkọ̀ ọmọ wa tó ń gbé ní Peckham ní London, tí ó kọ̀wé sí wọn tí wọn kò sì gbà, yóò gbé e lọ sí London Tribunals láti orí àga rẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù, kò sì ní san kọ́bọ̀. Nílé, ọ̀nà ló ń dá wa lẹ́bi kí adájọ́ tó rí wa. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kóòtù alágbèéká tí wọ́n ń gbé kiri títì ńlá, tí májísíréètì ń jókòó sí. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń yan ibi tí májísíréètì yóò ti jókòó. Mo bẹ ọ́fíìsì méjèèjì yìí: kí wọ́n máa gbé kóòtù náà wá sí Ìgànná, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Ìwájọ̀wà fìdí kalẹ̀ sí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ tí gbogbo awakọ̀ mọ̀, pẹ̀lú akọ̀wé tó gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó bá jẹ̀bi yóò san owó rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹ̀bi yóò gba ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.