Ipò Kìíní Nínú Kí Ni?

Títo nǹkan tẹ̀léra ní òfin nínú lọ́jíìkì. Bí Àìná bá ṣáájú Òjó, Òjó kò lè ṣáájú Àìná mọ́; bí Òjó bá sì ṣáájú Dàda, dandan ni kí Àìná ṣáájú Dàda. Ṣùgbọ́n kí òfin wọ̀nyí tó lè ṣiṣẹ́, ẹni tó ń tò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó fi ń tò. Ibí yìí ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ ipò sórí káàdì ìdánwò ọmọ ti ń ṣìnà.

Táíwò ló kọ́kọ́ wáyé, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni Yorùbá ń pè ní ẹ̀gbọ́n, torí wọ́n gbà pé òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Ọmọ méjì kan náà, ètò méjì, kò sì sí irọ́ nínú ọ̀kankan. Ohun tí wọ́n fi tò wọ́n ló yàtọ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nǹkan kì í tilẹ̀ ṣeé tò. Ní ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1994 ní Amẹ́ríkà, Nàìjíríà na Bulgaria 3–0, Bulgaria na Argentina 2–0, Argentina sì na Nàìjíríà 2–1. Ta ló wá ju ta lọ? Ẹni tó bá ń tọ ẹ̀yìn ẹni tó borí yóò kàn máa yí po ni. Gólù gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn ní ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n fi yanjú rẹ̀: Nàìjíríà ju 6 sáwọ̀n, ó gba 2, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì yòókù ju 6, ó gba 3. Gbogbo wọn ló ti mọ òfin yìí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin wo ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ̀? Bí ọmọ kan bá gba 80 nínú ìṣirò àti 50 nínú Yorùbá, tí èkejì gba 55 àti 74, àròpọ̀ wọn á jẹ́ 130 àti 129. Máàkì kan péré ló sọ èkejì di ẹni ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ máàkì 24 ló fi ju ẹni iwájú lọ nínú Yorùbá. Ipò kìíní nínú kí ni?

Àwọn òbí ní àwọn fẹ́ mọ ibi tí ọmọ àwọn dé. Máàkì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan á sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní ipò ń jẹ́ kí ọmọ tẹpá mọ́ṣẹ́. Ẹni tó gbẹ̀yìn ńkọ́? Olódo ni wọ́n ń pè é délé, títí òun náà á fi gbà bẹ́ẹ̀. Ìkà ni.

Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ yọ ipò kúrò lórí káàdì. Èyí tó bá sì kọ̀ jálẹ̀, kí ó kọ ohun tó fi tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ipò náà, kí òbí rí i kà.