Ẹ Ṣọ́ra fún Ẹni Tí Kò Fẹ́ Ká Bèèrè

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí ẹ̀rù àrùn Ebola gba Nàìjíríà kan, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba orí fóònù kálẹ̀ láàárín òru ọjọ́ kan: kí oníkálukú po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, kó fi wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kí àrùn náà má baà mú un. Ọmọ ń pe ìyá lóru, ẹ̀gbọ́n ń jí àbúrò. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde pé omi iyọ̀ ti pa ó kéré tán èèyàn méjì, tó sì gbé àwọn mìíràn dé ilé ìwòsàn, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde pé irọ́ ni, omi iyọ̀ kì í ṣe oògùn Ebola. Kì í ṣe ẹ̀rí ló gbé irọ́ yẹn rìn, gbèdéke ni. Ta ló máa dúró de ojúmọ́ kó lè bi nọ́ọ̀sì àdúgbò léèrè, nígbà tí wọ́n ti sọ fún un pé ojúmọ́ gan-an ni òpin? Ibi tí mo fẹ́ tẹ̀ mọ́ rèé: irọ́ tó ń pani kì í fi àyè ìbéèrè sílẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ fi wá ṣẹrú kì í fẹ́ ká rí ẹni tá a máa bi.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Oǹdó ní oṣù keje ọdún 2022. Àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn 77, tí 26 nínú wọn jẹ́ ọmọdé, jáde nínú ìjọ kan. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé àwọn ọlọ́pàá, àwọn tó ń darí ìjọ náà ti sọ fún àwọn ọmọ ìjọ pé Jésù ń bọ̀ wá kó àwọn tirẹ̀ lọ ní oṣù kẹrin. Nígbà tí oṣù kẹrin kọjá, wọ́n sún un sí oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ má gbọ́ràn sí òbí kankan lẹ́nu bí kò ṣe òbí wọn nínú Olúwa. Oṣù kẹrin tó yẹ̀ yẹn ìbá ti la ojú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tí wọ́n bá ti já ìyá, bàbá àti olùkọ́ kúrò lára èèyàn, ta ló kù tó máa bá a wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì? Bákan náà ló rí nílé ọkọ tó ń jẹ gàba lórí ìyàwó. Kó tó gbọ́wọ́ sókè lù ú, yóò ti gba fóònù rẹ̀, yóò ti dájà sílẹ̀ láàárín obìnrin náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò sì ti ní kó má yọjú sílé bàbá rẹ̀ mọ́.

Làákàyè tó lè gbà wá lọ́wọ́ irú wọn kò ju ìbéèrè mélòó kan lọ: ta ló sọ ọ́, báwo ló ṣe mọ̀, ta ló máa jèrè rẹ̀, kí la sì máa rí tá a fi máa mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ àwọn tí ètò sogúndogójì MMM kó sí ìgbèkùn ló mọ̀wé dáadáa. Ètò tó ti fọ́ ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1994 ló dé bá wa níbí, tó ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá fi 100,000 náírà sílẹ̀, tó ń dá èrè padà sórí owó, yóò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.3 lọ́dún kan, yóò sì ní mílíọ̀nù 54 lọ́dún méjì. Òwò wo ló ń pa irú owó bẹ́ẹ̀? Kò sí. Owó ẹni tó ń wọlé ni wọ́n ń san fún ẹni tó ti wà nílé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn.

Àwọn kan á ní àrífín ni kéèyàn máa bi àgbà tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run léèrè. Àmọ́ àwọn àgbà wa náà ló sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yin àwọn ará Berea nítorí pé wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ bóyá òótọ́ ni ohun tí Pọ́ọ̀lù wí. Súrà 49 nínú Kùránì náà pàṣẹ pé bí ẹni burúkú bá gbé ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀. Ìgbàgbọ́ tó bá dúró lórí òtítọ́ kì í sá fún ìbéèrè.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó sọ pé ìjọba àti àwọn dókítà náà máa ń parọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Lọ́dún 1996, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan wò lára àwọn ọmọ tí àrùn yírùnyírùn ń bá jà ní Kano, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹjọ́. Kò yani lẹ́nu pé lọ́dún 2003, nígbà tí àhesọ dé pé àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ, ìpínlẹ̀ Kano dá a dúró. Ìfura yẹn ní ìdí. Àmọ́ kéèyàn máa fura nìkan kò tó. Àrùn náà gbilẹ̀, ó sì ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ ni pé wọ́n yẹ àjẹsára náà wò, wọ́n ra òmíràn láti Indonesia, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004. Lọ́dún 2020 ni wọ́n kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àdáyébá. Ẹni tó fura tí kò wádìí, ó kàn kúrò lọ́wọ́ onírọ́ kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn ni.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ má pa ọmọ tó ń bèèrè ìdí lẹ́nu mọ́, nítorí ọmọ tí a kọ́ láti gbà láìbèèrè nílé ni àlejò máa rí mú níta. Ẹ̀yin olórí ìjọ àti ààfáà, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn yín ní ẹbí, ọ̀rẹ́ àti dókítà tí wọ́n lè tọ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ẹ yára, ẹ má sọ fún ẹnìkankan, ẹ sọ fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó, kí ẹ tó gbé nǹkan sẹ́nu.