Irinṣẹ́ Tuntun Kò Gbọdọ̀ Pa Àwọ̀ Àtijọ́ Rẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ilé wa ní Oníyanrìn, màmá mi ṣí ìkànnì ilé-ìwé wa lórí fóònù láti wo iṣẹ́ àṣetiléwá àbúrò mi. Ìmọ́lẹ̀ funfun a máa ta á lójú, nítorí náà ó ti pẹ́ tí ó ti ń lo àwọ̀ dúdú níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, funfun báláú ni ó bá. Ó ní, "Ta ló bá mi yí i padà?" Ojú tì mí, nítorí pé mo wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó yí i padà.

CSS ni èdè tí a fi ń sọ irú àwọ̀ tí ojú-ewé yóò ní fún browser. Håkon Wium Lie ni ó dá a lábàá ní ọdún 1994. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a kò lè sọ àwọ̀ lórúkọ nínú rẹ̀; bí àwọ̀ kan bá wà ní ogójì ibi, ogójì ibi náà ni a óò ti kọ ọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi tẹ́wọ́ gba Sass, tí ó jáde ní ọdún 2006. Nínú Sass, a ó sọ àwọ̀ lórúkọ lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ gbogbo rẹ̀ di CSS. N kò bá Sass jà. Ó dín iṣẹ́ wa kù.

Ohun tí mo ń bá jà ni àwáwí pé Sass ni ó fa ìṣòro yìí. Irọ́ ni! Browser kì í rí Sass rárá. CSS nìkan ni ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí alámàlà kan ní Ọjà'ba bá fi igi sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì dáná, ṣé ẹ̀bà ni oníbàárà rẹ̀ yóò wá bá nínú abọ́? Àwa ni a pa orúkọ dà. "Dudu" ni àwọ̀ náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, orúkọ yẹn sì ni fóònù màmá mi fi pamọ́. A sọ ọ́ di "ale" nítorí pé ó dùn létí wa. Fóònù pe "dudu", kò sí ẹni tó dáhùn, ni funfun bá gba ipò rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí ẹni tó bá bínú lọ yan àwọ̀ míràn. Òbí mélòó ni ó mọ ibi tí wọ́n ti ń yan án? Èmi ni mo bá màmá mi yàn án! Wọ́n tún ní ẹrù àtijọ́ a máa wúwo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ìkànnì wa ni orúkọ tí fóònù àwọn òbí ti mọ̀, ìlà kan péré ni a nílò kí "dudu" àti "ale" lè máa mú àwọ̀ kan náà wá.

Àwọn tó ṣe Sass gan-an kò hu irú ìwà wa. Ní ọdún 2010, wọ́n mú ọ̀nà ìkọ̀wé tuntun wá, èyí tí ń jẹ́ SCSS. Wọn kò da ti àkọ́kọ́ nù; méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́. Èdè Yorùbá náà kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974 sọ "aiye" di "ayé", ó sì sọ "enia" di "ènìyàn", síbẹ̀ a kò tìtorí rẹ̀ kó Bíbélì àtijọ́ dànù.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ṣe ìkànnì, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ fi CSS tuntun wé ti àtijọ́ kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àtijọ́ máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú tuntun. Bí ẹ bá sì fẹ́ mú un kúrò, ẹ kéde rẹ̀ fún sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko, kí ẹ sì ran àwọn tó ń lò ó lọ́wọ́.

Èmi ti dá "dudu" padà. Nígbà tí màmá mi tún ṣí ìkànnì náà, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kàn ka iṣẹ́ àbúrò mi tán, ó sì pè é kí ó wá ṣe é.