Ìṣirò Owó Ni Wọ́n Béèrè, Ìwé Ìpẹ̀jọ́ Ni Wọ́n Rí Gbà

Àwọn àgbà sọ pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ìdájọ́. Wọ́n mọ̀ pé ẹjọ́ a máa jẹ owó, a máa jẹ àkókò, a sì máa jẹ oorun ẹni, kí adájọ́ tó sọ ẹni tó jàre. Bí ẹjọ́ bá rí bẹ́ẹ̀ láàárín aládùúgbò méjì tí agbára wọn dọ́gba, báwo ni yóò ti rí nígbà tó bá jẹ́ pé ìjọba ni olùpẹjọ́, tí akọ̀ròyìn kan ṣoṣo sì jẹ́ olùjẹ́jọ́? Ìbéèrè yìí yẹ kó wà lọ́kàn gbogbo ọmọ Yorùbá tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ìlú yìí.

Ní oṣù keje ọdún 2019, Agba Jalingo, akọ̀ròyìn tó ni ìwé ìròyìn CrossRiverWatch, béèrè ní gbangba ibi tí 500 mílíọ̀nù náírà wọlé sí. Ó ní owó náà ni wọ́n fọwọ́ sí fún báǹkì kékeré kan ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Gómìnà Ben Ayade ló wà lórí àlééfà nígbà náà. Ẹni tó bá rò pé ìṣirò owó nìkan ni yóò tẹ̀lé ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ó rò ó ire, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ, àwọn ọlọ́pàá mú Jalingo nílé rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì gbé e lọ sí Kàlàbá. Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, ìdìtẹ̀ sí ìjọba wà lára wọn.

Ilé ẹjọ́ kọ̀ láti gba béèlì rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, adájọ́ gbà pé kí àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba bo ojú wọn, kí wọ́n sì jẹ́rìí níbi tí àwọn oníròyìn kò ti ní sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, adájọ́ náà yọwọ́ nínú ẹjọ́, adájọ́ mìíràn sì gbà á. Oṣù kejì ọdún 2020 ni Jalingo tó kúrò ní àtìmọ́lé, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ní oṣù keje ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Àjọ ECOWAS ní wọ́n tì í mọ́lé láìtọ́, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́, ó sì pàṣẹ kí ìjọba Nàìjíríà san 30 mílíọ̀nù náírà fún un. Oṣù kẹta ọdún 2022 ni ilé ẹjọ́ ní Kàlàbá tó dá a sílẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní òdodo ti lékè nígbẹ̀yìn. Òdodo lékè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá oṣù mẹ́fà padà fún ẹni tó lò ó ní àhámọ́? Láàárín ọdún méjì àti oṣù méje tí ọ̀rọ̀ náà fi wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ béèlì àti ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ló gba ẹnu ayé. Ọ̀rọ̀ owó báǹkì di ohun ẹ̀yìn. Ibi tí ọgbọ́n irú ẹjọ́ yìí wà nìyẹn. Kò pọn dandan kí ìjọba jàre. Bí ẹjọ́ bá ṣáà ti pẹ́, tí àwọn akọ̀ròyìn yòókù sì rí i, tí wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹjọ́ náà ti parí.

Ìwà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí ìdìbò 1983 ń bọ̀, Arthur Nwankwo kọ ìwé kan lórí bí Gómìnà Jim Nwobodo ṣe ń ṣe ìjọba Ìpínlẹ̀ Anambra ayé ìgbà náà. Wọ́n fi òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó amúnisìn ṣe láti fi dáàbò bo ara wọn, dá ẹ̀wọ̀n fún un. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà. Ó ní òfin bẹ́ẹ̀ kò bá òfin ìpìlẹ̀ 1979 mu, pé ẹni tó bá wà nípò òṣèlú gbọ́dọ̀ lè gba ọ̀rọ̀ sára, bí wọ́n bá sì bà á lórúkọ jẹ́, kó pe ẹni náà lẹ́jọ́ fúnra rẹ̀.

Ìlànà tó tọ́ nìyẹn títí dòní. Akọ̀ròyìn kò ga ju òfin lọ. Bí ó bá purọ́ mọ́ gómìnà, gómìnà lẹ́tọ̀ọ́ láti gba agbẹjọ́rò pẹ̀lú owó ara rẹ̀, kó sì béèrè owó ìtanràn. Níbẹ̀, àwọn méjèèjì yóò ti ilé wọn wá sí kóòtù, wọn yóò sì padà sílé. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ẹnìkejì mọ́lé kó tó rojọ́, òun náà kò fẹ́ ìdájọ́ òdodo. Abala 22 òfin ìpìlẹ̀ 1999 gbé e lé àwọn oníròyìn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa mú ìjọba jíhìn fún ará ìlú. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí òfin yàn án sí kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀.

Níbo ni ìbò wá ti kan ọ̀rọ̀ yìí? Olùdìbò kì í yan adájọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń yan ẹni tí yóò yan Agbẹjọ́rò Àgbà. Abala 174 fún Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ lágbára láti dá ẹjọ́ ọ̀daràn dúró nígbàkígbà kí ìdájọ́ tó wáyé. Abala 211 fún ti ìpínlẹ̀ ní irú agbára kan náà. Òfin sì pàṣẹ fún àwọn méjèèjì pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹjọ́ ṣe ohun tí kò tọ́. Omoyele Sowore, tó dá Sahara Reporters sílẹ̀, tó sì du ipò Ààrẹ ní 2019, bọ́ sí àtìmọ́lé ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Wọ́n fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba kàn án, ilé ẹjọ́ gba béèlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ oṣù Kejìlá ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún mú un nínú kóòtù. Ní 2024, ìjọba tó dé lẹ́yìn náà dá ẹjọ́ yẹn dúró. Kálámù tí wọ́n fi dá a dúró ní 2024 wà lórí tábìlì ní 2019.

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ìlú yìí kò ní kábíyèsí tí yóò ké pè níhìn-ín bí wọ́n bá fi owó orí dí i lọ́wọ́, tàbí bí wọ́n bá wó ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta ni akọ̀ròyìn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ̀ pé ẹgbẹ́ tí òun kò fẹ́ ni akọ̀ròyìn tí wọ́n tì mọ́lé ń ṣe. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Àwọn olùdíje yóò wá sí ìpàdé, wọn yóò kí gbogbo ilé, wọn yóò sì ṣèlérí ọ̀nà àti omi. Kí olùdìbò gbọ́ tiwọn tán, kó wá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìbéèrè kan: nígbà tí wọ́n béèrè ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́yìn, ṣé ìwé ìṣirò ló mú jáde, tàbí ìwé ìpẹ̀jọ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn níwájú àwọn tó ń tọrọ ìbò lọ́wọ́ wọn kò ní dáhùn nígbà tó bá dé orí àga.