Ilẹ̀ Onípákó: Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe náà kò mọ sí títóbi ilé nìkan. Ó kan ohun tí a tẹ́ sí ilẹ̀ ilé pẹ̀lú. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kọ́lé ni ó ń fẹ́ pákó igi líle sí ilẹ̀ yàrá, nítorí pé wọ́n rí i nínú àwòrán ilé òkè òkun. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú owó ni pé: ǹjẹ́ ilé náà gbà á?

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ iyì ilẹ̀ ilé kí òyìnbó tó dé. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ará àtijọ́ to àpáàdì ní òòró sí ilẹ̀ àgbàlá, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun dárà sí i. Ìtàn so iṣẹ́ náà mọ́ Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni. Nínú ilé alámọ̀, àwọn obìnrin a máa fi ìmí màlúù pa ilẹ̀ tí a ti lù kí ó le, kí eruku má baà sọ. Ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó ni wọ́n lò, òjò àti ọyẹ́ ilẹ̀ wa kò sì ṣe àjèjì sí i.

Pákó pàápàá kì í ṣe àlejò. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì tẹ́ pákó sí i. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé kíyè sí i: òkè ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ọ̀rinrin ilẹ̀ kò dé ibẹ̀, ikán kì í sì í tètè gòkè débẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé ni ìlú ikán.

Igi a sì máa mu omi lẹ́yìn tí a ti gé e. Ní àkókò òjò, a wú. Bí ọyẹ́ bá dé, a súnkì, àlàfo a sì yọ láàárín pákó méjì. Nítorí náà, pákó tí kò gbẹ dáadáa kí káfíńtà tó kàn án yóò dójú ti onílé. Apá, ìrókò àti tíìkì ni ikán kì í fẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n inú igi ni ó le bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ tí ó funfun kò ní agbára náà. Apá kò sì pọ̀ mọ́: ní ọdún 2022, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Panama fi apá ilẹ̀ Áfíríkà sí ara àwọn igi tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ òwò wọn. Kí olùrajà ṣọ́ra fún ayédèrú pẹ̀lú, èyí tí ó jẹ́ àwòrán igi lásán lórí ìyẹ̀fun pákó tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Ojúlówó ni a lè fá kí ó tún dán bí tuntun.

Àwọn kan yóò sọ pé táìlì ń yọ̀, pé àgbàlagbà lè ṣubú lórí rẹ̀, pé pákó kì í tutù sí ẹsẹ̀. Òótọ́ ni. Nítorí ìdí èyí, pákó dára ní yàrá òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, níbi tí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ wà. Kò yẹ ilé ìdáná, kò yẹ balùwẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, táìlì tí ara rẹ̀ kò dán jù ni ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí ó bá takú pé pákó ni òun ń fẹ́ níbẹ̀, kí ó ti ìpìlẹ̀ ilé bẹ̀rẹ̀: kí ó fi oògùn ikán sí ilẹ̀, kí ó sì tẹ́ ọ̀rá nínípọn kí a tó da kọnkéré lé e.

Owó ìfẹ̀yìntì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń parí ilé. Bí ikán bá jẹ ẹ́, ta ni yóò dá a padà? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìṣílé. Ọjọ́ gbogbo ni a ń tẹ ilẹ̀ ilé.