Ojú irin Tchaourou: kí ni ìtàn Samuel Dossou-Aworet kọ́ wa?

Tí a bá ti dé ibi ojú irin tó gba Tchaourou lọ sí Parakou, ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń bi wá: "Ọ̀gá, ta ló wá ni ín báyìí?" Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn ọkùnrin kan tó fi epo rọ̀bì là.

Samuel Dossou-Aworet ní gbòǹgbò ní Bénin àti ní Gabon. Òun ló ń gba ààrẹ Omar Bongo nímọ̀ràn lórí epo, ó sì ṣojú Gabon ní OPEC. Ní 1992, ó dá Petrolin sílẹ̀. Nínú òwò epo, ẹni tó mọ àwọn ààrẹ, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àdéhùn, ló ń jèrè. Ó mọ méjèèjì.

Ló bá gbé ètò ńlá kan wá sílé, èyí tí wọ́n ń pè ní "Épine dorsale": èbúté ní Sèmè-Kpodji, èbúté orí ilẹ̀ ní Parakou, àti ojú irin láti Kutọnu dé Niamey. Ojú irin 438 km tí àwọn Faransé ṣe dé Parakou ni wọn ì bá tún ṣe. Ní 2010, ìjọba Boni Yayi, ọmọ Tchaourou tiwa, yan Petrolin.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Bénin àti Niger fi yíjú sí Bolloré fún iṣẹ́ kan náà. Oko kan, àgbẹ̀ méjì! Petrolin gbé ẹjọ́ lọ. Ní oṣù kọkànlá 2015, ilé ẹjọ́ ní kí Bolloré dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fọwọ́ sí i. Ní 2018, ààrẹ Talon ní kí àwọn méjèèjì yẹ̀ sẹ́yìn ní ìtùnbí-ìnùbí, pé China ló lágbára owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Dossou-Aworet jàre, àmọ́ ìdájọ́ kì í gbé iṣu. Ilé ẹjọ́ lè dá iṣẹ́ dúró, kò lè to irin sílẹ̀. Ọ̀gá epo náà ní ìwé lọ́wọ́, Bolloré ní irinṣẹ́, ìjọba ló sì sọ ọ̀rọ̀ méjì. Àwa wá ńkọ́? Kámíọ̀n ló ń kó iṣu àti kajú wa, owó ọkọ̀ sì ń jẹ lára èrè àgbẹ̀.

A kì í ṣe agbẹjọ́rò ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń sọ ni pé: lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún mú àdéhùn tuntun dé, yálà ti China tàbí ti ẹlòmíì, ẹ jẹ́ ká béèrè nǹkan mẹ́ta. Ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, òun nìkan? Ọdún wo ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀? Tí kò bá bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí kò bá béèrè, ẹ̀bá ojú irin ni yóò dúró sí, tí yóò máa retí ọkọ̀ tí kò ní dé.